Fìlà Waino Kestila Tó Lọ sí Port Lucerne

Wọ́n ní Waino Kestila ti lọ bá àwọn ará Port Lucerne. Wọ́n ní wọ́n rí i ní pápá wọn, láàárín àwọn èèyàn wọn, tó dìde dúró tó ń pàtẹ́wọ́, tó ń pe orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí bàbá bá ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Ní ilé ìfọṣọ, mo gbọ́ pé wọ́n ti fún un ní ẹ̀wù wọn. Nígbà tí mo fi máa dé ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀wù náà ti di méjì, Waino sì ti ń wá ẹni tó máa ra ilé rẹ̀ ní Tamarack Point níbí kó lè kó lọ síbẹ̀ pátápátá. Ojú obìnrin tó sọ ti ilé fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣomi.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí mo wà níbẹ̀. Pé ó dìde tó pàtẹ́wọ́, òótọ́ ni. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ tèmi, bóyá torí pé wọn ò ka èmi tí mò ń din ọ̀dùnkún ní pápá yìnyín kún ẹni tó lè da ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀wù kankan, ilé ẹnikẹ́ni ò sì sí lọ́jà. Fìlà ló gbé wa débẹ̀.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni Waino. Ọdún méjìdínlógójì ló fi wa ọkọ̀ tí ń gbá yìnyín kúrò lójú títì, kò sì sí ilé tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀ láàárín ibí sí etí adágún. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún un: kó máa wo họ́kì nígbà òtútù, kó máa wo besibọ́ọ̀lù nígbà ooru, kó sì máa bínú nígbà méjèèjì. Ìlà kẹrin ló máa ń jókòó sí ní pápá yìnyín, àga tó kángun sí ògiri, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tó fi okùn so pẹ́ńsùlù mọ́. Gbogbo góòlù ló wà nínú ìwé yẹn, ẹni tó gbá a, ẹni tó gbé e fún un, àti ẹni tó yẹ kó dí i tó lọ dúró síbòmíràn. Tí iyàn bá ṣẹlẹ̀ ní ilé ọtí nípa eré ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Waino ni wọ́n máa ń lọ bi.

Kí ẹ lè mọ irú ẹrù tí bàbá yìí ń rù, ẹ jẹ́ kí n sọ bí tíìmù wa ṣe rí. Àwọn Awakùsà là ń pè wọ́n, ìlú wa ò sì tóbi, nítorí náà àwọn ọkùnrin kan náà tó ń gbá họ́kì ni wọ́n ń bọ́ bàtà onírin sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún tí wọ́n á gbé igi besibọ́ọ̀lù. Lórí yìnyín, a ní ẹni mẹ́ta tó lè sáré, a ní ẹni mẹ́rin tó lè jà, àwọn tó kù ń lọ síbi tí yìnyín bá gbé wọn lọ. Clayton Salmela ló ń gbá góòlù fún wa. Brodie Trevarrow lágbára bí màlúù, ṣùgbọ́n iwájú aṣọ́lé àwọn ẹlòmíràn ló máa ń dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Tó bá di ìgbà ooru, Trevarrow yìí kan náà ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wa. Apá rẹ̀ dára fún abala mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án tí eré ní, lẹ́yìn náà á wá dà bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ẹni tó ń ṣọ́ òpó kejì, ọ̀kan nínú mẹ́ta tí asáré gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó wọlé, ni dókítà eléyín wa, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀lù tó bá yí nílẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ńṣe ló máa ń fojú sìn ín lọ tìfẹ́tìfẹ́.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gun yìnyín yẹn rí. Ẹni mẹ́rin ló gbé mi kúrò níbẹ̀, rẹfirí sì ni ọ̀kan nínú wọn.

Waino náà kì í fi tirẹ̀ pamọ́. Ó sọ fún mi pé òun gbìyànjú láti wọ ẹgbẹ́ Awakùsà nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n sì ní kí òun ṣọ́ ojú ilé.

"Mélòó ló wọlé, Bàbá?" mo bi í.

"Mọ́kànlá. Nígbà tó di méje, mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó. Wọ́n ní rárá, wọ́n fẹ́ wo ibi tó máa parí sí."

Ó tún ní òun gan-an ni àìsàn tó ń ṣe tíìmù wa. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ti ń tì wọ́n lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sì gba ife. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó wà lórí ibùsùn, ọ̀fìnkìn ló dá a dùbúlẹ̀. Ní ìgbà kejì, ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú yìnyín ní ojú ọ̀nà, orí rédíò ló ti gbọ́ ọ. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí fìlà. Nílùú wa, bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbá góòlù mẹ́ta nínú eré kan, gbogbo wa la máa ń ju fìlà wa sórí yìnyín. Ayọ̀ nìyẹn, rẹfirí ò sì ń sọ nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n tí kò bá tíì pé mẹ́ta tí ẹ ti jù ú, ẹ ti dá eré dúró nìyẹn, wọ́n á sì fi ìyà jẹ tíìmù yín. Waino ló máa ń kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn. Tí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan fìlà, á yí sẹ́yìn: "Ẹ dúró! Ẹ kọ́kọ́ kà á! Ẹ jẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀!" Torí náà, ojú rẹ̀ la máa ń wò. Tí Waino ò bá tíì jù, kò sẹ́ni tó máa jù.

Fìlà tó máa ń dé, Aili ìyàwó rẹ̀ ló hun ún fún un. Fìlà òwú pupa tó bo etí ni. Òwú pupa tán nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Aili sì fi òwú àwọ̀ ewé hun etí òsì. Òtútù tó tẹ̀ lé e ni Aili kú. Láti ìgbà náà ni Waino ò ti dé fìlà mìíràn.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹta, a bá Port Lucerne gbá àṣekágbá, ní pápá wa níbí. Ẹni tó bá borí ló máa gbé ife. Salmela ti gbá méjì wọlé, àwọn náà ti gbá méjì. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Salmela gba róbà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọ̀pá nà án, ó wọlé! Mo gbọ́ ariwo, mo sá jáde láti ìdí ọ̀dùnkún, mo sì rí i pẹ̀lú ojú mi: fìlà pupa kan, òun nìkan, ń fò lọ lókè. Waino ti jù! Kí wá ni ẹnikẹ́ni ń dúró dè? Fìlà bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ bí òjò. Èmi náà já fìlà iṣẹ́ mi pẹ̀lú àwọ̀n tí mo fi di irun, mo jù ú. Kò dé orí yìnyín, orí ọlọ́pàá kan ló bà sí.

Wọ́n wá kéde. Góòlù náà kì í ṣe ti Salmela. Ó ti kan orúnkún Trevarrow, ẹni tó dúró de bọ́ọ̀sì níwájú aṣọ́lé, kó tó wọlé. Góòlù Trevarrow ni. Salmela ṣì wà ní méjì.

Rẹfirí wo àwọn fìlà wọ̀nyẹn, ó wo wa, ó ní kí ẹnì kan nínú àwọn tiwa lọ jókòó fún ìṣẹ́jú méjì. Láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn, Port Lucerne gbá ọ̀kan. Nígbà tó ku ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n gbá òmíràn. Mẹ́rin sí mẹ́ta. Wọ́n gbé ife wa lọ sínú bọ́ọ̀sì wọn.

Mo ka ìwé mẹ́fà péré, ṣùgbọ́n kíkà dé mẹ́ta kò yẹ kó kọjá agbára mi.

Lẹ́yìn eré, àwa tá à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ la máa ń kó fìlà jọ kí àwọn tó ni ín lè wá gbà á. Lọ́jọ́ yẹn, ta ló máa wá? Ta ló máa na ọwọ́ pé tèmi nìyí? Àpò ńlá méjì ni mo dì. Tèmi ni mo kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí n má parọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ìjọ wá, ó kó àpò méjèèjì lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta àwọn ohun tí èèyàn fi tọrẹ. Ìsọ̀ yẹn, Port Lucerne ló wà.

Waino ò wá sí pápá mọ́. Oṣù kẹrin parí, àwọn Awakùsà bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò besibọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó dúró lẹ́yìn wáyà láti sọ fún dókítà eléyín pé kó bẹ̀rẹ̀. Dókítà náà fúnra rẹ̀ bi mí bóyá bàbá náà ń ṣàìsàn. Mo gbé páì ẹran mẹ́fà, mo lọ sílé rẹ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn láìdé fìlà. Mi ò tíì rí orí rẹ̀ rí.

"Bàbá, mo wá bẹ̀ yín ni," mo wí. "Èmi ni mo kó àwọn fìlà yẹn sínú àpò. Mi ò wo ojú ọ̀kankan nínú wọn."

"Mo mọ̀. Mo rí ẹ."

"Ẹ rí mi, ẹ ò sì pè mí?"

"Kí n ní kí ni, Ṣìjú? Gbogbo pápá ń wá ẹni tó kọ́kọ́ jù. Kí n wá dìde kí n ní, ẹ jọ̀ọ́, fìlà tó ṣíwájú gbogbo fìlà, ẹ bá mi mú un wá?" Ó gbé páì kan, ó tún gbé e sílẹ̀. "Mo ti lọ sí ìsọ̀ yẹn ní Sátidé mẹ́ta. Wọ́n ti tà á. Mo mọ ẹni tó rà á."

"Ta ni?"

"Odile Perrault."

Nínú gbogbo èèyàn ayé! Odile ni ìyá Marcel, ẹni tó ń gbá họ́kì fún wọn tó tún ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn. Obìnrin yẹn ló máa ń lu agogo màlúù ní gbogbo eré. Ọgbọ̀n ọdún ni òun àti Waino ti ń bú ara wọn láti òdìkejì yìnyín, wọn ò sì tíì bọ ara wọn lọ́wọ́ rí.

"Sátidé tó ń bọ̀ la máa bá wọn gbá besibọ́ọ̀lù," Waino wí. "Mo fẹ́ lọ bá a. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ gbé mi."

"Màá wa ọkọ̀," mo wí. Ojú ń tì mí débi pé tó bá ní kí n gbé òun pọ̀n lọ, màá pọ̀n ọ́n.

Òtútù ṣì mú ní Port Lucerne lọ́jọ́ náà, yìnyín dúdú díẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọgbà. Àwọn èèyàn wa jókòó lápá ọ̀tún. Waino ò yà sọ́dọ̀ wọn, ó gba apá òsì lọ, mo tẹ̀ lé e, gbogbo wọn sì ń yíjú wò wá. Odile jókòó ní ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú agogo rẹ̀. Fìlà náà wà lórí rẹ̀, etí kan pupa, etí kan àwọ̀ ewé.

"Ta nìyí?" Odile pariwo. "Ajùfìlà! Ẹ wá wò ó o, Ajùfìlà ti dé! Ṣé o ti kà á dé mẹ́ta?"

Gbogbo ìlà náà bú sẹ́rìn-ín.

"Fìlà orí ẹ yẹn," Waino wí, "tèmi ni."

"Tìẹ báwo? Mo rà á ni. Wo bó ṣe bá mi lójú mu."

"Ìyàwó mi ló hun ún."

"Kí ló dé tó o wá jù ú nù?"

"Inú mi dùn ni."

"Kó hun òmíràn fún ẹ nígbà náà."

"Ó ti kú, Odile. Ó pé ọdún mẹ́ta ní oṣù kejì."

Odile fọwọ́ kan etí fìlà náà, ti àwọ̀ ewé. Kò ṣí i. "Má wá pa mí lẹ́kún níbí o," ó wí. "Bọ́ọ̀lù ni mo wá wò." Ó tọ́ka sí pápá. "Màá fún ẹ. Mi ò fẹ́ owó ẹ. Abala kan ni mo fẹ́. O máa dúró síbí, o máa tì wá lẹ́yìn fún odindi abala kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wàá dárúkọ. Ohùn tó o fi bú ọmọ mi ní oṣù kẹta yẹn ni mo fẹ́ gbọ́."

"Ṣé mo lè jókòó?"

"Dìde dúró! Ìwọ náà, ìyá ọlọ́dùnkún, pàtẹ́wọ́."

Abala keje ni. Wọ́n ti fi mẹ́fà sí méjì na àwọn tiwa. Waino bojú wo apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, ó sì kígbe: "Marcel! Ọmọ Perrault! Nọ́mbà mọ́kànlélógún! Apá ẹ yẹn ò láfiwé ní gbogbo agbègbè yìí!"

Marcel mọ ohùn náà. Ó yíjú pa dà láti ibi tó ti fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Ohùn tó ti ń pè é ní ọ̀lẹ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ń yìn ín yìí. Bọ́ọ̀lù tó jù tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ẹni tó di igi mú ló bà, wọ́n sì fún ẹni náà ní òpó àkọ́kọ́.

"Kò burú, Marcel! Ó wuyì bẹ́ẹ̀!" Waino ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́.

Marcel ò lè ju èyí tó tọ́ mọ́. Ẹni kejì rìn lọ sí òpó lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni kẹta náà rìn. Òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún fún àwọn tiwa. Salmela wá gbé igi. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù fò kọjá ọgbà, kọjá yìnyín dúdú, ó bọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹnì kan. Ẹni mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà! Waino ti ki apá ẹ̀wù rẹ̀ bọ ẹnu, ó ń gé e jẹ. Èmi gbàgbé ara mi, mo fò sókè.

"Ìyá ọlọ́dùnkún!" Odile fi agogo gún mi. "Àdéhùn!"

Kí wọ́n tó parí ìdajì abala náà, Trevarrow náà ti wọlé. Méje sí mẹ́fà, àwa la wà níwájú. Ó wá kan àwọn ará Port Lucerne láti gbé igi.

"Desrochers!" Waino kígbe. "Nọ́mbà mẹ́rin! Ìwọ tó o gbá igba ó dín mẹ́jọ wọlé láti ìgbà tó o ti bẹ̀rẹ̀! Má tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù òkè o, o kì í rí i!"

"Má sọ ìyẹn!" Odile fà á lẹ́wù.

"Ìmọ̀ràn ni mò ń gbà á."

Trevarrow, tó ti ń ju bọ́ọ̀lù fún wa láti abala kẹrin, gbọ́ ìmọ̀ràn náà kedere. Òkè ló jù ú sí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, Desrochers sì fi igi na afẹ́fẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó sì jáde.

"Lafreniere! Akíkanjú! Má kánjú tí bọ́ọ̀lù bá rọra ń bọ̀ bí ti ọdún tó kọjá!"

Èyí tó rọra ń bọ̀ ni Trevarrow jù. Lafreniere kánjú, òun náà jáde.

Odile ṣí fìlà kúrò lórí, ó gbé e lé Waino láyà. "Gbà! Gbà, jọ̀ọ́! Dákẹ́ ẹnu ẹ! Máa lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ!"

Waino dé fìlà náà, ó fa etí rẹ̀ méjèèjì sísàlẹ̀ dáadáa. "Abala kò tíì parí," ó wí. "Ẹni mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ jáde, ó ku ẹnì kan. Àdéhùn ni." Ó sì yí sí pápá, ó fi gbogbo èémí tó ní pe ẹni kẹta náà lórúkọ, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ àgbà. Ẹni náà gbá bọ́ọ̀lù tààrà sí dókítà eléyín lọ́wọ́. Dókítà ò tiẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la rìn lọ sí apá ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó kí wa. Waino jókòó, ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kígbe fún àwọn tiwa pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ní abala kẹjọ, apá Trevarrow kú. Ní ìkẹsàn-án, bọ́ọ̀lù yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà. Wọ́n fi mẹ́jọ sí méje nà wá.

Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń bínú pé ó lọ ti Port Lucerne lẹ́yìn, ẹ bi ara yín pé abala wo la fi wà níwájú. Kóòṣì wa ti rí i. Ní ọjọ́ Ajé, ó fi ọgbọ́n bi mí bóyá bàbá náà ò ní fẹ́ máa lọ jókòó lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tá à ń bọ̀ wálé nínú ọkọ̀, Waino ṣí fìlà náà, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ọṣẹ olódòdó," ó wí. "Obìnrin yẹn ti fọ̀ ọ́." Ó tún dé e.  Mo wá bi í ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti oṣù kẹta, bóyá ó máa pa dà wá sí ìlà kẹrin tí wọ́n bá tún ṣí pápá yìnyín ní oṣù kẹwàá.

"Màá wá," ó wí. "Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá tún gbá mẹ́ta wọlé, Ṣìjú, fìlà tìẹ ni mo máa jù."